Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Fi Kún Un: Ọ̀rọ̀ Tọ́bò Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Dàgbà

Ilé tó bá ní ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí rí: "Ṣé a ò lè fi díẹ̀ kún tọ́bò yìí ni?" Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tí ìbéèrè náà máa ń dá lé lórí ni Volkswagen Golf GTI ìran kẹrin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Yúróòpù ní ìparí ọdún 1990 sí 1999. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8T ni à ń sọ. Ẹ́ńjìnnì kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ Passat, Audi A4, Skoda Octavia àti Seat Leon ìgbà náà. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ káàkiri, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń wọ́ káàkiri láti ọjà Ládípò ní Èkó dé Suame Magazine ní Kumasi.

Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe. Àwọn kan ti ṣe é, ọkọ̀ wọn sì ń rìn dáadáa. Àwọn mìíràn ṣe é, wọ́n sì fi owó ilé-ìwé ọmọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Kì í ṣe oríire nìkan ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ wọn ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un, àwọn kejì kàn yí nǹkan ni. Ohun tí a fẹ́ bá ilé sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: wíwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú yíyí.

Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe

Èéfín gbígbóná tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí sàlẹ́ńsà máa ń yí wíìlì kékeré kan. Wíìlì mìíràn wà lórí ọ̀pá kan náà. Èkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, tó sì ń fún un mọ́ra lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tó lè bá a jó á pọ̀ sí i, agbára náà á sì pọ̀ sí i. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní ọdún 1905.

Bí tọ́bò ṣe ń ti afẹ́fẹ́ tó ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní boost. Bar ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn mìíràn sì ń lo psi. Bar 1 jẹ́ psi 14.5. Golf GTI 1.8T tó ní agbára ẹṣin 150 máa ń lo nǹkan bí 0.5 sí 0.7 bar lórí afẹ́fẹ́ tó wà níta, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.

Kí tọ́bò má baà ti afẹ́fẹ́ kọjá ààlà, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wastegate. Bí boost bá ti dé ibi tí wọ́n fẹ́, ilẹ̀kùn náà á ṣí, apá kan èéfín á sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìyí wíìlì. Sípíríǹgì kan ló ń tì í pa, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ló ń ṣí i, bíréènì bọ́ọ̀kìsì ọkọ̀ sì ń lo fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní N75 láti pàṣẹ ìgbà tí yóò ṣí. Gbogbo ọ̀rọ̀ fífi kún tọ́bò kò ju pé kí ilẹ̀kùn yìí pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ṣí.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra máa ń gbóná. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 30°C, tí tọ́bò sì fún un dé 0.7 bar, ìṣirò fi hàn pé ó lè tó nǹkan bí 100°C nígbà tó bá ń jáde nínú tọ́bò. Bí a bá gbé e dé 1.2 bar, ó lè súnmọ́ 150°C. Intercooler, tó dà bí rédíétọ̀ fún afẹ́fẹ́, ló ń mú kó tutù padà. Ti Golf yìí kò tóbi, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú ni wọ́n gbé e sí. Ìdí nìyí tí boost fi lè pọ̀ lórí géèjì, síbẹ̀ kí agbára má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ooru ló ń jẹ èrè náà.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da ilé àti mẹkáníìkì rú. Bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì "ti nọ́ọ̀kì" lọ́dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti tán: bíárìn ti jẹ, kọ́nrọ́ọ̀dù ń lu inú, tàbí ẹ́ńjìnnì ti gan pátápátá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀, knock jẹ́ nǹkan mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà láàyè. Plọ́ọ̀gì á tan iná, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká inú sìlíńdà. Kó tó dé ìgun, epo àti afẹ́fẹ́ tó kù níbẹ̀ á ti gbiná fúnra wọn nítorí ooru àti ìfúnpá. Wọ́n á bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí a dà sínú agolo mílíìkì tí a ń mì.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàpọ̀, ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní nọ́ọ̀kì, ká sì pe èkejì ní kíkàn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kíkàn ni àìsàn, nọ́ọ̀kì ni ikú. Ẹ́ńjìnnì tí à ń fi kíkàn lù nígbà gbogbo á fọ́ etí písítìn, á jó gáskẹ́ẹ̀tì, á sì pa bíárìn.

Ẹ́ńjìnnì 1.8T ní sẹ́ńsọ̀ tó ń fetí sí kíkàn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, bíréènì bọ́ọ̀kìsì á dá àkókò tí plọ́ọ̀gì ń tan iná dúró díẹ̀, ohun tí awakọ̀ á sì mọ̀ kò ju pé ọkọ̀ ò fà mọ́. Nítorí náà, etí nìkan kò tó. Ọkọ̀ lè máa ṣàìsàn kí a má gbọ́ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1962, Oldsmobile ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Jetfire, ọ̀kan lára ọkọ̀ akérò àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò tí wọ́n tà fún aráàlú. Kí ó má baà máa kàn, wọ́n fi táǹkì kékeré kan sí i tó ń wọ́n omi àti methanol sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ onílé kò rántí láti máa rọ táǹkì náà kún. Wàhálà pọ̀ débi pé wọ́n yọ tọ́bò kúrò lára púpọ̀ nínú wọn. Tọ́bò náà kọ́ ló burú. Ohun tó yẹ kó dáàbò bo ẹ́ńjìnnì ni kò sí ẹni tó ń bójú tó o.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún kò dà bí ìgbà tó jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan boost, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àkọ́kọ́. Ọ̀pá tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń léfòó lé. Passat àti A4 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8T gbajúmọ̀ fún ọ́ìlì tó ń di bí ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, pàápàá bí ọ́ìlì bá rẹlẹ̀ tàbí tí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá èyí tó kọ VW 502.00 sí ara, kó jẹ́ synthetic. Nínú ooru àti eruku tiwa, 5,000 km kò yá jù láti pààrọ̀ rẹ̀.

Bẹ́líìtì táímìn ni ìkejì. Bí ẹ kò bá ní ìwé tó fi hàn ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bó bá já, fáàfù àti písítìn á lu ara wọn. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pọ̀ mọ́ ọn.

Ìkẹta ni họ́ọ̀sì rọ́bà. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti sán. Ẹ lè fi kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀ fọkanáísà dán wọn wò, bí géèjì tó ṣeé dín kù bá wà lára rẹ̀: ẹ dí ẹnu ibi tí tọ́bò ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má ju 1 bar lọ, kí ẹ sì da omi ọṣẹ sí oríkèé gbogbo. Ibi tó bá ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Ẹ wo diverter valve náà, torí rọ́bà inú rẹ̀ máa ń ya.

Ìkẹrin, plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Kọ́ìlì 1.8T ò níyì lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bí boost bá pọ̀, iná plọ́ọ̀gì á túbọ̀ ṣòro láti tàn, èyí tó ti rẹ̀ á sì máa fo.

Lẹ́yìn náà ni síkáànì. Ìwé tó sọ pé iná check engine kò tàn kò tó. Ẹ ní kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó mọ Volkswagen dáadáa, irú bíi VCDS, kí wọ́n sì ṣí àwọn nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí nígbà tí ọkọ̀ bá ń fà. Nọ́ńbà 115 yóò fi boost tí bíréènì bọ́ọ̀kìsì béèrè hàn, àti èyí tó rí gbà. Bó bá kọ 1700, afẹ́fẹ́ ìta wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ 1000 kúrò bí ẹ bá wà ní etíkun, ó ku 0.7 bar. Nọ́ńbà 020 yóò sọ bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sá fún kíkàn tó. Bó bá wà láàárín 0 sí 3, kò burú. Bó bá ń kọjá 6 léraléra, àìsàn wà níbẹ̀. Nọ́ńbà 032 yóò sọ bóyá epo ń pọ̀ jù tàbí kéré jù. Bó bá ti ju 10 lọ lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ wá ohun tó fà á.

Ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí a dé yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí họ́ọ̀sì tó ń jò, tí wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì àti diverter valve, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fà bí kò ṣe fà láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Agbára tí wọ́n ń wá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń jò dànù ni. Ọ̀pọ̀ ilé lè dúró síbẹ̀, kí owó tó kù sì bọ́ sí táyà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi kún un

Àwọn kan máa ń yọ họ́ọ̀sì kékeré tó lọ sí wastegate, tàbí kí wọ́n dè é pa. Ẹ má gbà fún wọn. Ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí mọ́, kò sì sí ohun tó máa dá tọ́bò dúró.

Àwọn mìíràn máa ń fi fáàfù ọlọ́wọ́ sí i, tàbí kí wọ́n dín gígùn ọ̀pá wastegate kù. Nínú ọkọ̀ tó dàgbà ju Golf yìí lọ, tí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń darí tọ́bò, ọ̀nà tó wà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, ẹ yí nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà ní ìdajì ìyípo kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú 1.8T, bíréènì bọ́ọ̀kìsì mọ iye boost tó béèrè. Bó bá rí i pé ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á gé agbára ọkọ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Àwọn kan á wá fi ẹ̀rọ kékeré tan sẹ́ńsọ̀ jẹ kó máa purọ́ fún un. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kí ènìyàn di ẹnu ẹlẹ́rìí.

Ọ̀nà tó bójú mu jù fún 1.8T ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ètò inú bíréènì bọ́ọ̀kìsì kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní remap. Boost, epo àti àkókò iná á jọ yí padà pọ̀. Èyí lè gbé agbára ẹṣin 150 dé ìtòsí 190 láìpààrọ̀ tọ́bò. Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ètò àtijọ́ pamọ́ kí wọ́n lè dá a padà.

Bí a ṣe ń fi kún un

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi 0.1 bar kún un lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi géèjì boost sí ibi tí awakọ̀ ti lè rí i. Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń wọn epo àti afẹ́fẹ́ nínú sàlẹ́ńsà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á fi 14.7 hàn. Bí a bá tẹ iná dé ilẹ̀, ó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 12. Bó bá dúró sókè ní 13 tàbí 14 nígbà tí boost kún, epo kò tó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Orí ẹ̀rọ dyno ni ibi tó dára jù láti dán an wò, níbi tí táyà ti ń yí tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Bí kò bá sí, kó jẹ́ ilẹ̀ àdáni tí ènìyàn kò sí, kí ẹnìkan wakọ̀, kí ẹlòmíràn máa ka nọ́ńbà. Ojú pópó kọ́ ni ibi ìdánwò.

Lẹ́yìn gbogbo àfikún, ẹ tún wo 115, 020 àti 032. Bí kíkàn bá gòkè, ẹ padà sẹ́yìn. Fún tọ́bò K03 kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ Golf yìí, a ò rí ìdí tí ilé kan fi ní láti kọjá 1 bar lórí epo tí à ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kọjá ibẹ̀, ooru ló ń pọ̀ ju agbára lọ. Bí ẹnìkan bá sì ń ronú tọ́bò tó tóbi jù, kó mọ̀ pé kọ́nrọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń tẹ̀.

Epo, ooru àti òkè

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí ẹ ti ń rọ epo, ẹ ka nọ́ńbà RON tí ilé iṣẹ́ kọ síbẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni epo ṣe lè fara da ìfúnpá tó kó tó kàn. Ètò remap tí wọ́n kọ ní Yúróòpù fún epo 98 kò bá èyí tí à ń rà lójoojúmọ́ mu. Ẹ sì rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù wọ Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnnì tí a ti fà dé ìpẹ̀kun kò ní ààyè fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ẹ ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ní Kano, nígbà tí oòrùn bá gbé afẹ́fẹ́ lọ sí 40°C, kíkàn á súnmọ́ ju ti àárọ̀ ọyẹ́ lọ. Ọyẹ́ náà ní tiẹ̀: eruku rẹ̀ ń dí fílítà afẹ́fẹ́, tọ́bò á sì máa ṣiṣẹ́ agbára láti fà á. Ní Jos, tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́. Tọ́bò gbọ́dọ̀ yí kíákíá sí i kó tó lè fún ẹ́ńjìnnì ní ohun kan náà. Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá ọkọ̀ Cotonou mu lè pọ̀ jù fún ti Jos.

Kí bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ tó fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè dúró. Ẹ pààrọ̀ páàdì bíréèkì àti omi rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára táyà: 1519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó ti gbẹ kò yẹ ọkọ̀ tí a fi agbára kún, bó ti wù kí ó dán tó. Ẹ sọ àyípadà náà fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú, kí wọ́n má baà rí àwáwí lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò wọn. Ààlà eré fún ọkọ̀ ilé ní òpópónà márosẹ̀ Nàìjíríà ṣì jẹ́ 100 km ní wákàtí kan, agbára yòówù tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ ń fi ṣeré lálẹ́ náà ló ń gbé àwọn àbúrò lọ sílé-ìwé láàárọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìpinnu náà jẹ́ ti ilé, kí iye owó gbogbo àyẹ̀wò tí a kà sókè wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà.

Tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ló tó láti mọ̀ bóyá ẹ wà níbi tó yẹ: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni boost rẹ̀ báyìí, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án?" Bó bá mú ẹ̀rọ jáde láti wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó tì í. Bó bá ní, "Fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ yín.